Ohun tí Ìwádìí Kò Lè Rí

Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kúdẹtì, ní Ìbàdàn, ní 1968, ilé wa ti mọ ohun gbogbo nípa ọkọ rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó bá a jókòó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ìyá wa àgbà ló gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ó rán obìnrin méjì lọ sí àdúgbò tí ọmọkùnrin náà ti wá, wọ́n sì ṣe bí ẹni tó ń wá èlùbọ́ rà. Wọ́n ń ná èlùbọ́, wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣé wèrè kì í ṣe wọ́n nínú ilé yìí? Wárápá ńkọ́? Ta ni wọ́n jẹ ní gbèsè? Àwọn ìyàwó ilé yẹn, ṣé wọ́n máa ń pẹ́ níbẹ̀, àbí wọ́n máa ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ìyá àgbà kà sí jù. Ó ní ilé tí ìyàwó mẹ́ta bá ti kó ẹrù jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi náà ru àwọn ìyàwó. Ọmọ ìjọ St. David's ni wá, síbẹ̀ mo mọ̀ dájú pé ẹnì kan nínú ilé wa yọ́ lọ sọ́dọ̀ babaláwo ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìwádìí yẹn títí di òní. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Ojú púpọ̀ ló ń wo ọkùnrin kan ṣoṣo, alárinà ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìwà pamọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin kì í dá ẹrù ìpinnu rù. Bí ìgbéyàwó bá wọ́, gbogbo àwọn tó jẹ obì ìdána rẹ̀ ló máa pé jọ láti tún un ṣe.

Èmi dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù January 1979, láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas Woman's University. Denton ni a ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa wá sí Dallas. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí nígbà náà. Àwọn kan wà ní Bishop College ní gúúsù ìlú, àwọn kan wà ní yunifásítì tó wà ní Arlington. Náírà kan ju dọ́là kan lọ nígbà yẹn, gbogbo wa ló sì gbà pé bí a bá ti gbàwé ẹ̀rí tán, ilé yá. Kò sí àgbà láàárín wa. Ẹni tí a ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́ nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì pé ọmọ ọdún 35. A sọ ọ́ di àgbà nítorí pé a nílò àgbà, òun náà sì gba oyè náà, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò tíì hù tán. Lẹ́tà láti Ìbàdàn a máa gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Tẹlifóònù ńkọ́? Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá mi, mo ní láti kọ̀wé ṣáájú pé ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, kí wọ́n lọ dúró nílé ẹnì kan tó ní fóònù, kí a wá máa gbàdúrà pé kí ó dún. Ohun tí àwọn ará ilé ń fojú wọn rí fún ẹ̀gbọ́n mi ní 1968, kò sí bí wọ́n ṣe lè bá mi rí i láti ibẹ̀.

Ooru ọdún 1980 ló sọ èmi àti ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ di ojúlùmọ̀. Ẹni tó bá wà ní Dallas lọ́dún náà kò lè gbàgbé. Láti June 23 títí di August 3, ọjọ́ 42 gbáko, kò sí ọ̀sán tí ooru kò dé 100 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ní June 26 àti 27, ó dé 113, ìyẹn 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí a fi ń wọn ooru nílé. Ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá tí èmi àti ọmọbìnrin ará Ìjẹ̀bú kan jọ ń gbé kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bọ̀dá ló gbé fáànù méjì wá. Bọ̀dá ni màá máa pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè é. Ó ní mọ́tò, ìwọ̀nba lẹni tó ní in láàárín wa, ó sì ń fi í gbé àwọn aboyún lọ sí ọsibítù, ó ń lọ pàdé àwọn àlejò ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń san owó ilé fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì dé láti Èkó. Mo rí gbogbo ìyẹn pẹ̀lú ojú mi. Ènìyàn rere ni, n kò sì ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà títí màá fi sọ ìtàn yìí tán. Nígbà tí ó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi jó.

Gbogbo wa la máa ń kó láti ilé kan sí òmíràn, nítorí náà àdírẹ́sì Bọ̀dá ní Arlington ni ọ̀pọ̀ wa ń lò fún lẹ́tà. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù October 1981, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru dé, mo ń bọ́ bàtà, ni mo gbọ́ ìkànkùn. Àwọn ìyàwó mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n fi aṣọ wé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo Bàbá sàn."

Mo ní, "Bàbá ta ni?"

Wọ́n wo ojú ara wọn. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ pé rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá mi. Bọ̀dá ló ti pe gbogbo ẹgbẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Friday, ó ti ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán ni ó tó gbé lẹ́tà náà wá fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, èyí tí a máa ń ká pọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ á tún jẹ́ àpòòwé. Ó ti fi abẹ là á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ni ó là, abẹ náà sì gba àárín ìlà mẹ́ta kọjá nínú ọ̀rọ̀ ìyá mi. Mo ní láti to bébà méjèèjì pọ̀ lórí tábìlì kí n tó lè kà á. Ìyá mi, tó kàwé ní Kúdẹtì Girls' School, a máa kọ̀wé wínníwínní. Lórí ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí abẹ là sí méjì yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Bàbá rẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Bọ̀dá kò bínú nígbà tí mo bi í. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní òun rí i pé ìwé láti ilé ni, ọkàn òun kò balẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí n dá ka ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ó ní, "Èmi àti ìwọ ti di ọ̀kan." Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló ní irú ìfẹ́ wo nìyí. Àádọ́ta ènìyàn ń gbààwẹ̀ fún bàbá mi. Kí ni mo tún ń wá?

Ní Parkland, ọsibítù ìjọba tí wọ́n gbé Ààrẹ Kennedy lọ ní 1963, ni wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn nígbà yẹn. Àgbà nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ọmọ ìlú Marshall ní ìlà-oòrùn Texas. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún àwa ọmọ Nàìjíríà pé ìlú òun ni wọ́n ti dá Bishop College sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá sí Dallas ní 1961, bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí ni wá nípa bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn kan pé ó sùn dáadáa. Àgbà nọ́ọ̀sì náà bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ tó sùn tì í ni. Ó ní kí n fa ìlà sí i, kí n kọ ohun tí èmi rí: aago mélòó ni mo wọlé, ṣé ojú rẹ̀ là tàbí ó pa dé, èémí mélòó ló mí ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ, kí n kọ ọ́ sí àyè tirẹ̀, kí n sì kọ ọ́ pé ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n kí n má dà wọ́n pọ̀ láéláé. Ó tún ní dókítà lè wọlé kí ó sọ pé ara aláìsàn yìí ti dá. Bí ohun tí mo rí bá yàtọ̀, kí n kọ ohun tí mo rí, kí n kọ aago tí mo rí i, kí n sì fọwọ́ sí i.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kankan nípa ọkọ àti aya tó wúlò tó ìyẹn. Mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti Bọ̀dá. N kò kọ pé ó dára, n kò kọ pé kò dára. Ní ọjọ́ Sunday: wọ́n bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn ìsìn, òun ló dáhùn. Ní ọjọ́ Wednesday: ó bi mí ibi tí mo lọ nígbà tí ó pè; mo sọ fún un; ó tún bi mí lọ́nà mìíràn; nígbà tó yá, ó pe ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé, ó bi òun náà. Ọjọ́ mìíràn: ó ra bàtà fún mi, bàtà tó lẹ́wà gan-an; mo ní kò gba ẹsẹ̀ mi; ó ní yóò gbà á. Mo tún kọ tèmi náà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí ó tó dé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń ro ohun tí màá sọ bí ó bá bi mí pé ta ló pè mí lánàá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo kọ ọ́ pé oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi ní ọjọ́ tí ó bá ń bọ̀.

Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní àsìkò Kérésìmesì, n kò rí ẹyọ kan níbẹ̀ tí mo lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí mo rí ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Láti October títí di December, n kò rí ọjọ́ kan tí mo sọ pé rárá tí rárá náà dúró.

Nílé, ní àkókò yìí kan náà, wọ́n ti ṣe ìwádìí. Ìyá mi tìkára rẹ̀ gun ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú Bọ̀dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ni bàbá mi fi ń jẹun. Gbogbo ohun tí ó bá bọ̀ ló dára. Kò sí àrùn, kò sí gbèsè, àwọn ìyàwó ilé náà ń dàgbà síbẹ̀ ni. Ìyá Bọ̀dá ti ń pè é ní àna. Ìyá mi kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ayọ̀, èmi náà sì kọ̀wé padà nípa abẹ, nípa ààwẹ̀, nípa bàtà. Èsì tí mo gbà kò gùn. "Nítorí lẹ́tà?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún mi. Bí ìyá mi bá ti mú ìròyìn búburú bọ̀ láti Abẹ́òkúta, ìrọ̀rùn ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ìwádìí wọn. Ohun tí ilé lè mọ̀ nípa ilé ni wọ́n wádìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan ní Dallas láàárín ènìyàn méjì, kò sí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta tí wọ́n lè bi. Èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí. Mo sì jẹ́ ọmọ ọdún 24, obìnrin, tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kó má rí i.

Wọ́n pe ìpàdé lé mi lórí ní January 1982, nínú àpátímẹ́ǹtì kan nítòsí Greenville Avenue. Bàbá Ẹgbẹ́ bi mí pé ṣé Bọ̀dá nà mí ni. Mo ní rárá. Ṣé ó ní ìyàwó nílé? Rárá. Ṣé ó gba owó mi? Rárá. Ó ní, "Nígbà náà, àbúrò, kí ni?" Mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ní ìwé ti wọ̀ mí lórí jù, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ti kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Wọn kò bú mi, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ mi ń dùn wọ́n ni, wọ́n rò pé mo fẹ́ da oúnjẹ mi nù. Mo dúró, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́." Mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Obìnrin tó gbé ìrẹsì wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń jáde, òun ló bá mi mú kóòtù mi, ó sì bá mi di bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn láì sọ ohunkóhun.

Àwọn ọmọ òní máa ń bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀rù lásán ló ń ba òun. Ìbéèrè gidi ni, torí pé ẹ̀rù náà wà lára mi lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo kíyè sí ni pé ẹ̀rù a máa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la: bí ó bá lọ ṣe báyìí ńkọ́, bí ó bá lọ yí padà ńkọ́. Àwọn ohun tó wà nínú ìwé mi kì í ṣe ti ọ̀la. Wọ́n ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wọn sì wà níbẹ̀. Mo tún jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Mo sùn dáadáa, mo ṣe ìdánwò mi, mo jẹun, mo tún gbé e kà, kò yí padà. Bó bá jẹ́ pé ìbínú ni mo fi kọ ọ́, ìbínú náà ì bá ti tán, ìwé náà ì bá sì ti di òmíràn lójú mi.

Bọ̀dá fẹ́ ẹlòmíràn ní ọdún kejì. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà yege, mo sì máa ń bá tọkọtaya náà pàdé níbi òkú àti ìgbéyàwó ní Grand Prairie. N kò gbọ́ ohun búburú kan nípa ilé wọn rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ìyẹn dá mi lóhùn láti ọdún wọ̀nyí wá: "Ẹ ò rí i pé ènìyàn dáadáa ni?" Mo rí i. Mo ti rí i láti 1980. Bóyá aya rẹ̀ jẹ́ ẹni tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń tù lára. Bóyá ọjọ́ orí ti tù ú lójú. Èmi kò dúró de ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa di ènìyàn búburú kí ìpinnu mi tó lè jẹ́ òtítọ́. Ohun tó kan mí ni pé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ti ń fi ìjáyà dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí. Ẹ̀rí kankan kò tún dé lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì retí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba ohun tí ojú òun rí gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè wà láyé títí láì sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó jàre.

Ìyá mi pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bá mi tọ́ ọmọ ní 1991, mo mú lẹ́tà búlúù yẹn jáde, bébà méjì. Wọ́n fi awò ojú wọn sí i, wọ́n to ó pọ̀ bí mo ṣe tò ó lọ́jọ́ náà, wọ́n ka ìlà tó wà lójú abẹ. Inú bí wọn gidigidi. Bàbá mi ti kú nígbà náà, láì mọ̀ pé gbogbo Dallas ti gbọ́ nípa àìsàn rẹ̀. Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n ní, "Síbẹ̀, ó yẹ kí o jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ bá a wí." A fi ohun tí a kò lè ṣọ̀kan lé lórí yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lọ po ẹ̀kọ fún wọn.

Mo fẹ́ ọmọ Ọ̀fà kan ní 1984, Mùsùlùmí, tó ń wa takisí lóru láti pápákọ̀ òfurufú DFW, tó sì ń kàwé lọ́sàn-án ní Bishop College. Ìwádìí ilé ló fẹ́ dá ti èyí dúró: ìjà ilẹ̀ àtijọ́ wà nínú ẹbí wọn, ìyá mi sì bá gbèsè kan pàdé níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọkùnrin náà, ó ní òótọ́ ni, ó sọ iye gbèsè náà fún mi. Mo gba ohun tí ìyá mi rí, mo sì kọ ọ́ sí àyè tirẹ̀. Nínú ìwé mi, ohun tí mo ní nípa ọkùnrin yìí kò gbòòrò: mo ní n kò lọ sí òde kan, ó ní ó dáa, ó dá lọ, ní ọjọ́ kejì ó mú ẹran wá fún mi láti ibẹ̀, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ọdún méjì kọjá kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbà. Wọ́n ṣe ìdána ní Kúdẹtì pẹ̀lú fọ́tò wa lórí àga, àwa sì wà ní Dallas lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbéyàwó náà rí ìyà tirẹ̀. Ọkọ mi ti kó owó wa sínú mọ́tò àlòkù tí ó ń kó lọ sí Èkó nígbà tí náírà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba ní 1985, ṣubú ní September 1986 débi pé ó ju náírà mẹ́rin lọ kí a tó rí dọ́là kan. Ọdún mélòó kan ni a fi jẹ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n a jọ jẹ ẹ́ ni, a jọ jà, a jọ parí rẹ̀, mo sì dá sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ títí ọjọ́ tí a fi sin ín.

Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ wọn nílé nípa fọ́tò ti ń wá bá mi. Fóònù ti yí ìwádìí padà. Ẹ̀rọ GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, ìyá sì lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ lè rò pé ojú ilé ti dé Dallas nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí gbòòrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí bọ́ọ̀sì ìlú kankan ní Arlington, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ọkọ̀ ojú irin DART tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 kò sì débẹ̀. Ẹni tí kò mọ mọ́tò wà, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo ayé. Ohun tí ọkọ bá sọ pé ó wà níta ni yóò gbà pé ó wà níta. Mo ti rí obìnrin tó gboyè yunifásítì ní Ifẹ̀, tó bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé ọlọ́pàá máa ń mú obìnrin tó bá dá lọ sọ́jà láì ní gíríìn káàdì lápò. Ta ló sọ fún un? Ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pépà sì wà níbẹ̀. Láti 1986 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá gba gíríìn káàdì nípa ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì, ti ọdún méjì péré ni wọn yóò fún un, ọkọ àti aya yóò sì jọ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó mú ààlà náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ ti fi ìfọwọ́sí yẹn dẹ́rù ba ìyàwó. Wọn kì í sọ fún un pé òfin 1990 ti gba ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ láyè láti kọ̀wé fúnra rẹ̀, láìsí ọkọ níbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè lọ́sàn-án àti lóru, 1-800-799-7233, tó ti wà láti 1996. Mo máa ń júwe The Family Place, tó ti ń gba àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù sílé ní Dallas láti 1978. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń na obìnrin, n kì í sọ̀rọ̀ ìwé kékeré fún un. Mo máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi ni.

Ọ̀pọ̀ wọn ni wọn kì í nà. Ọ̀kan wà tí mo kọ́ ní mọ́tò wíwà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Garland, ní àwọn ọ̀sán ọjọ́ ajé tí kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lù ú rí. Òun ló ń ra ọjà, òun ló mú fóònù lọ́wọ́, òun ló mọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Wòlíì kan nílé ti rí i pé ìgbéyàwó náà ti ọ̀run wá. Ìyá rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ní kí ó fi sùúrù sí i. Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo ra ìwé kan fún un, mo sì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ọmọ Marshall sọ fún mi. Nígbà tí ó ti gba láísẹ́ǹsì, ó ń wà á bọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń kà díẹ̀ nínú rẹ̀ fún mi ní ilé ìdáná mi. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ mú mi rò pé kí ó kúrò. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ní gbangba, n kò fi bò.

Kò kúrò. Ó ní òun ti ka ìwé náà tán, òun sì rí ohun kan níbẹ̀ tí èmi kò rí: láti ìgbà tí òun ti ń wa mọ́tò, òun ti ń sọ pé rárá, rárá náà sì ń dúró. Ó fi àwọn ọjọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ní òun ń ṣe iṣẹ́ báńkì nílé kí òun tó wá, òun sì ti kọ́ ọkọ òun pé àkáùǹtì òun yóò wà lọ́tọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i nígbà náà, kò sì tíì balẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n òun ló wà nínú yàrá náà. Ní Sátidé tó kọjá, ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá, a jọ bó ẹ̀wà, ó sì bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu tí kò tíì gbó jù ní Richardson.